Ẹ Pe Ọdún Lórúkọ Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìpolówó fún Àwọn Ọdún Ilẹ̀ Éṣíà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2019, obìnrin kan wọ ilé ìtajà tí mò ń bá kọ ìpolówó ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà lójú fóònù náà: "Ẹ kú ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà!" Mo ti fi í ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà tí orúkọ wọn jọ ti ará Éṣíà lójú mi. Obìnrin yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kun èékánná ní òdìkejì títì, ọjọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ wa. Kò pariwo. Ó ní, "Ará Vietnam ni mí. Tết là ń ṣe." Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó yí rìsíìtì kan dà, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ e, ó dé e ní fìlà, ó tún wá fi àmì òkè lé orí fìlà náà. Ó ní, "Báyìí la ṣe ń kọ ọ́."

Ojú tì mí gan-an. Èmi tí mo máa ń bínú bí wọ́n bá kọ orúkọ mi láìsí àmì ni mo lọ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíì. Ọmọ Yorùbá sì tún ni mí, ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé "ojú gbooro" là ń kí onídìrí, pé "àrokòbọ́dúndé" là ń kí àgbẹ̀, pé ẹnì kan kì í kí ọlọ́fọ̀ bí ẹni ń kí oníyàwó. Ìmọ̀ tí a fi ń kọ ìpolówó ọdún ti wà nílé wa tipẹ́. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún ilé iṣẹ́, yálà ẹ wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, tí àwọn ará Éṣíà sì wà lára àwọn tó ń ra ọjà yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ẹni tó ni ọdún

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ bi ara yín pé ta ni ẹ ń kí. "Ará Éṣíà" kì í ṣe ìdáhùn. Ní Ìlú Ọba, bí èèyàn bá ní "Asian" lójú pópó, àwọn tó ti Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh wá ló sábà máa ń ní lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, ará Ṣáínà, Kòríà tàbí Japan ni ọ̀rọ̀ kan náà máa ń kọ́kọ́ gbé wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí ilé iṣẹ́ yín bá ní ẹ̀ka níbi méjèèjì, tí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ síbi méjèèjì, ìdajì àwọn tó gbà á á rò pé ẹlòmíì lẹ ń bá wí.

Ẹ wo ọdún tuntun tó máa ń bọ́ sí àárín oṣù kìíní àti oṣù kejì. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní Chunjie, ìyẹn ọdún ìgbà ìrúwé. Seollal ni ti Kòríà. Tết ni ti Vietnam. Ìdílé kálẹ́ńdà kan náà ni wọ́n, wọn kì í sì í jìnnà síra, àmọ́ oúnjẹ wọn yàtọ̀, aṣọ wọn yàtọ̀, ìtàn wọn yàtọ̀. Àwọn ará Tibet ní Losar, àwọn ará Mongolia ní Tsagaan Sar. Nígbà míì ọjọ́ tiwọn kì í bá ti àwọn tó kù dọ́gba rárá. Japan ti kúrò nínú kálẹ́ńdà yìí láti ọdún 1873, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n ń ṣe ọdún tuntun bíi tiwa. Bí ẹ bá wá gbé obìnrin tó wọ kimono, aṣọ ìbílẹ̀ Japan, sórí ìpolówó ọdún yìí, ẹni tó mọ̀ á ti mọ̀ pé ẹ kò wádìí.

Ẹranko tí wọ́n fi ń sọ ọdún náà gan-an kì í bára mu. Lọ́dún 2023, ehoro ni ti àwọn ará Ṣáínà, ológbò ni ti àwọn ará Vietnam. Ilé iṣẹ́ tó bá ya ehoro sórí káàdì Tết lọ́dún yẹn ti pe ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ṣé "Lunar New Year", ìyẹn ọdún tuntun kálẹ́ńdà òṣùpá, la máa wá kọ fún gbogbo wọn? Ó dára bí àwọn tó máa kà á bá jẹ́ àdàlù, mo sì máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbádá tó ba gbogbo èèyàn mu. Àwọn ará Ṣáínà kan gbà pé ńṣe ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn gba ọdún wọn lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù pe ọdún náà ní ti Kòríà nínú ìkéde ayẹyẹ kan tí wọ́n ń ṣe. Ìbínú àwọn ará Ṣáínà pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé wọ́n yọ ìkéde náà kúrò. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí n dárúkọ ẹni tí mò ń kí, kí n má sì sọ ọdún náà di ti ẹnì kan ṣoṣo. Tí ayẹyẹ bá jẹ́ ti Kòríà, ẹ kọ Seollal, ó tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti gbogbo wọn, ẹ to orúkọ wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ọdún kan lè ní ju ìtàn kan lọ

Diwali ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé èyí, torí òun ni mo rí tí àwọn akọ̀wé ìpolówó ń sáré kọ jù. Wọ́n á ní "ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù", wọ́n á sì tì í pa. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù ní àríwá Íńdíà ń rántí bí Rama, ọmọ ọba inú ìtàn ẹ̀sìn wọn, ṣe padà sí ìlú rẹ̀, Ayodhya. Àmọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Síìkì ń ṣe Bandi Chhor Divas lásìkò kan náà, wọ́n ń rántí Guru Hargobind, aṣáájú ẹ̀sìn wọn, tó jáde kúrò lẹ́wọ̀n ní Gwalior pẹ̀lú àwọn ọmọ ọba 52. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain ń rántí ìgbà tí Mahavira, olùkọ́ ńlá ẹ̀sìn wọn, gba ìdáǹdè ìkẹyìn. Ní Nepal, Tihar ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é, ọjọ́ kejì sì jẹ́ ti ajá: wọ́n á fi òdòdó sí ajá lọ́rùn, wọ́n á fún un lóúnjẹ dáadáa. Ní gúúsù Íńdíà, ní Singapore àti Malaysia, Deepavali ni wọ́n ń kọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ìtàn kan sórí ìpolówó bí ẹni pé òun nìkan ni ìtàn tó wà. Ẹ kọ nípa ohun tí gbogbo wọn jọ ń ṣe: fìtílà títàn, ilé gbígbá, àlejò, ohun dídùn. Ẹ má sì rò pé gbogbo ará Íńdíà ló ń ṣe é. Mùsùlùmí wà ní Íńdíà, Kristẹni wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Ẹ wo bí ó ṣe máa rí lára yín bí ilé iṣẹ́ òyìnbó kan bá rí orúkọ Yorùbá, tó wá kí Alhaja kú ọdún Àjíǹde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Tiwa ni, ti Éṣíà náà ni: Lebaran lẹ́nu àwọn ará Indonesia, Hari Raya Aidilfitri lẹ́nu àwọn ará Malaysia. Nowruz, ìyẹn ọdún tuntun míì tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 20 tàbí 21 oṣù kẹta, kì í ṣe ti Iran nìkan; àwọn Kurd, àwọn ará Afghanistan, Tajikistan àti Azerbaijan ń ṣe é. Ẹ pè é ní Nowruz, kó tán síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ọjọ́ wò lọ́dọọdún

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kálẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, Kòríà àti Vietnam bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù kejì lọ́dún 2026, lọ́dún 2027, ó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kejì ní Ṣáínà àti Vietnam, ọjọ́ 7 ní Kòríà. Diwali 2026 jẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá. Ọdún àárín ìgbà ìkórè, tó ń jẹ́ Chuseok ní Kòríà àti Tết Trung Thu ní Vietnam, jẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án lọ́dún 2026. Ti Ìtúnu Ààwẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: òṣùpá la máa ń wò, ó sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìwé ìkíni rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó di pé wọ́n kéde, kó má ṣe jáde kí wọ́n tó kéde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìkíni fúnra rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ wo ìyókù ohun tí mo kọ lọ́dún 2019:

"Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ti dé! Ẹ̀yin ará Éṣíà gbogbo, ẹ wá gbádùn oúnjẹ àjèjì, kí ẹ sì gba ẹ̀dínwó!"

Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn méjì yẹn. Ó pe ọdún ní orúkọ ẹnì kan, ó wá fi kí gbogbo èèyàn. Ó pe oúnjẹ wọn ní àjèjì, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ta ni oúnjẹ ìyá rẹ̀ ń jẹ́ àjèjì sí? Ìkíni náà ò sì tíì dúró tí ọjà fi gbapò rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ nísinsìnyí rèé:

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Tết, Seollal tàbí Chunjie, a bá yín yọ̀. Ọdún á yabo fún ẹ̀yin àti ará ilé yín. Ṣọ́ọ̀bù wa á wà ní ṣíṣí di aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, nítorí ìsè."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe" ni ọ̀rọ̀ tó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Kò fi orúkọ tàbí àwọ̀ ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ṣe ọdún gbọ́ pé òun ni wọ́n ń kí, ẹni tí kì í ṣe é kò ní bínú.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọn ní èdè wọn, ẹ mọ ìtumọ̀ ohun tí ẹ ń sọ. "Gong hei fat choy" jẹ́ èdè Cantonese, tí wọ́n ń sọ ní Hong Kong àti Guangdong, ọrọ̀ ni wọ́n fi ń wúre fún èèyàn. Ẹ má fi kí ará Kòríà. Ará Kòríà á ní "saehae bok mani badeuseyo": kí o gba ìbùkún púpọ̀ lọ́dún tuntun. Ará Vietnam á ní "chúc mừng năm mới". Tó bá jẹ́ lẹ́tà Ṣáínà lẹ fẹ́ tẹ̀, ọ̀nà ìkọ̀wé méjì ló wà: 新年快乐 fún àwọn tó wá láti Ṣáínà gan-an àti Singapore, 新年快樂 fún àwọn ará Taiwan àti Hong Kong. Ẹ béèrè èyí tí àwọn tí ẹ ń kí ń kà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ Vietnam. Èdè olóhùn ni, bíi tiwa. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Tí lẹ́tà tí ayàwòrán yín ń lò kò bá ní àwọn àmì náà, ẹ pààrọ̀ lẹ́tà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká yọ

Ẹ yọ "Oriental", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe ará Éṣíà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin tó yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Òfin kan náà ló yọ "Negro". Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n pe òun ní èkejì kò gbọ́dọ̀ fi èkíní ta ìṣáná. Ẹ yọ "àjèjì", ẹ yọ "àdììtú", ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ àṣà èèyàn di ìran wíwò.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ tiwa nílé. A ti mọ́ra láti máa pe ọjà tí kò lálòpẹ́ ní "Ṣáínà". Ẹ gbọ́ ọ nínú ọjà, ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tí mo mọ̀ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ ará Ṣáínà kú ọdún ní òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ojúewé kan náà gbé ìpolówó jáde pé ọjà tiwọn "kì í ṣe Ṣáínà o, ojúlówó ni". Ìkíni òwúrọ̀ ti wọmi. Bó bá jẹ́ ayédèrú lẹ ní lọ́kàn, ẹ kọ ayédèrú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwòrán àti ẹ̀bùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀rọ̀ lè sọ pé àwòrán kò kàn yín. Ó kàn yín, torí pé àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Aṣọ: áo dài ni ti Vietnam, hanbok ni ti Kòríà, qipao ni ti Ṣáínà. Ẹ má gbé igi ìjẹun (chopsticks) méjì sí òòró láàárín abọ́ ìrẹsì. Bí wọ́n ṣe ń gún tùràrí fún òkú nìyẹn. Tí ẹ bá ń tẹ orúkọ oníbàárà sórí káàdì, ẹ má fi tàdáwà pupa kọ ọ́ fún ará Ṣáínà tàbí Kòríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa ni àwọ̀ ọdún náà. Ẹ má fi aago ògiri ṣe ẹ̀bùn fún ará Ṣáínà. Bí wọ́n ṣe ń pe "fífún ni ní aago" jọ bí wọ́n ṣe ń pe sísìn òkú. Nọ́ńbà 4 jọ "ikú" létí ní èdè wọn, ẹ má ta nǹkan mẹ́rin mẹ́rin.

Owó ọdún náà ní orúkọ àti àpò tirẹ̀: hongbao fún àwọn ará Ṣáínà, lì xì fún Vietnam, pupa ni àpò méjèèjì. Ní Kòríà, àwọn ọmọ á dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, sebae ni wọ́n ń pè é, àgbà á sì fún wọn lówó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ilé bàbá mi ni mo wà.

Nípa Diwali, fìtílà amọ̀ kò ní wàhálà. Àwòrán Lakshmi tàbí Ganesha lórí bàtà, lórí ìgò ọtí, lórí ike tí wọ́n máa jù sí ààtàn, kò dára. Òrìṣà tí èèyàn ń bọ ni. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń dùn wá tí òyìnbó bá fi Èṣù ṣe bàbá ìkà nínú ìtàn.

Ẹ má fi bí èèyàn ṣe ń jẹun ṣàwàdà láéláé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Dolce & Gabbana, ilé iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Italy, gbé fídíò jáde níbi tí obìnrin ará Ṣáínà kan ti ń fi igi ìjẹun jìjàkadì pẹ̀lú pizza. Wọ́n fagi lé ìfihàn aṣọ wọn ní Shanghai, àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ṣáínà sì kó ọjà wọn nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ béèrè, ẹ sanwó

Ẹ má ṣe fi orúkọ èèyàn yan ìkíni fún un bí mo ti ṣe. Ẹ kọ ìbéèrè kan sínú fọ́ọ̀mù yín pé, "Ọdún wo lẹ fẹ́ kí á bá yín yọ̀ sí?", kí ẹni tí kò fẹ́ lè fò ó. Ní Ìlú Ọba, òfin ka ẹ̀yà àti ẹ̀sìn èèyàn sí ìròyìn àdáni tó nílò ìṣọ́ra gidi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Kí ìwé tó jáde, kí ẹnì kan tó ń ṣe ọdún náà kà á. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ yín kan tó ṣẹlẹ̀ pé ó jẹ́ ará Íńdíà, tí ẹ kàn dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gba ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ fún un lákòókò, ẹ sanwó fún un, kí ẹ sì gbà nígbà tó bá ní kò dára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọdún ni mo máa ń fi tèmi ránṣẹ́. Bó bá ku ọjọ́ méjì, "ó dára" ni wọ́n máa sọ, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Ẹ̀dínwó ńkọ́? Ẹ lè ta ọjà, ọdún ni ìgbà títà. Àmọ́ ẹ fi ìkíni sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ fi ọjà sílẹ̀ lọ́tọ̀, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bó bá ṣeé ṣe.

Bí ó bá ti bàjẹ́

Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ sọ pé ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣì. "Bí ó bá dun ẹnikẹ́ni" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ohun tí mo kọ sí àwọn oníbàárà wa lọ́jọ́ kejì ni pé: "Lánàá, a pe Tết àti Seollal ní ọdún àwọn ará Ṣáínà. A ṣì í. Ẹ má bínú. Èmi tí mo kọ ọ́ ti kọ́ ọ bó ṣe yẹ." Ọ̀gá mi ò fẹ́ kó jáde, ó ní a ó kàn pe àfiyèsí sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí ìwé ìkíni tó lọ síbì kankan, mo mú un sọdá títì lọ fún obìnrin oníṣọ́ọ̀bù èékánná náà, pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò pupa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo àmì orí e, ó mi orí pé ó dára. Lẹ́yìn náà ló gba bíírò, ó fagi lé "ẹ̀yin oníbàárà wa", ó kọ "ẹ̀yin àti ará ilé yín" sórí rẹ̀.